Àwọn Kásẹ́ẹ̀tì Fídíò Tí Ń Kú Lọ Nínú Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ti àwọn tí wọ́n jẹ ẹgbẹ́ lówó, ìyẹn ń bọ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti àwọn tí ó jẹ́ pé ìgbà tí a bá ń pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n tó ń dé ìpàdé. Ọ̀rọ̀ kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni, àwọn àpótí dúdú pẹlẹbẹ wọ̀nyí tí ń bẹ lábẹ́ ibùsùn, lókè kọ́bọ́ọ̀dù, nínú àpò Ghana-Must-Go, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn láti ọdún mẹ́wàá tàbí ogún ọdún sẹ́yìn.

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ẹnì kan dá a lábàá pé kí á mú nínú owó àjọ̀dún ọdún yìí, kí á fi da ohun tó wà nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ kọ sínú àwo DVD, kí á sì ran àwọn ìdílé tí kò lówó lọ́wọ́ láti da tiwọn kọ pẹ̀lú. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní ṣé àwọn òkú ni yóò wá bá wa jó níbi àjọ̀dún ni. Ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀, a sì bọ́ sórí irú aṣọ tí a ó rà. Àwa kò bá wọn rẹ́rìn-ín, a kò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé ijó àti owó tí à ń lẹ̀ mọ́ iwájú orí nìkan ló wà nínú kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí, a jẹ́ pé kò tíì jókòó wo tirẹ̀ tán. Ẹ rántí àwọn oní-fídíò ayé ìgbà náà, láti bí 1985 títí kọjá 2000. Ọkùnrin kan á gbé kámẹ́rà lé èjìká bí ẹni gbé ìtí igi, ọmọdé kan á tẹ̀ lé e pẹ̀lú iná tí ń ran ni lójú, wáyà á máa wọ́ nílẹ̀, á máa kọ́ àwọn ìyá arúgbó lẹ́sẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ni kásẹ́ẹ̀tì E-180 ń gbà, oní-fídíò sì fẹ́ kí ó kún kí owó rẹ̀ lè pé. Nítorí náà ohun gbogbo ló ń yà. Ó ya àwọn àgbà bí wọ́n ti jókòó lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ń kí ara wọn. Ó ya ìyá àgbà kan tí ń ki oríkì olóògbé láti ilé baba dé ilé ìyá, tí kò sí ẹni tó dá a lẹ́nu. Ó ya baálé ilé tí ó dìde sọ bí òkú náà ti ṣe dé òkè Ọya, ọkọ̀ ojú irin tó wọ̀, ẹni tó gbà á sílé ní Minna, iye ṣílè tó fi bẹ̀rẹ̀ òwò obì. Nígbà náà, ohun tí ń sú ni nìyẹn, tí à ń sọ pé kí wọ́n yí i kọjá kí á lè dé ibi ijó. Lónìí, ibẹ̀ gan-an ni ìṣúra wà. Ijó kò ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó lè ki oríkì ilé yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ńkọ́, mélòó ló kù?

Ẹ jẹ́ kí á ro ti àwọn ọmọ wa. Haúsá àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣeré ní àdúgbò. Àwọn tó gbọ́ Yorùbá nínú wọn, Yorùbá tẹlifísàn ni wọ́n gbọ́. Wọn kò mọ̀ pé ohùn ará Ọ̀fà yàtọ̀ sí ti ará Ògbómọ̀ṣọ́, wọn kò sì tíì gbọ́ bí ọmọ Ìgbómìnà ti ń sọ̀rọ̀ nígbà tí inú bá ń bí i. Bàbá wọn àgbà wà nínú kásẹ́ẹ̀tì, ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí yóò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ kò sí nílé mọ́.

Obìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí bàbá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà lọ́mọ ọdún méjì. Fọ́tò kan ṣoṣo ló ní. Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan da kásẹ́ẹ̀tì ayẹyẹ ẹgbẹ́ kan tó ti pẹ́ kọ sínú àwo, wọ́n sì rí bàbá náà níbẹ̀ tí ó dìde láti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àlejò. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú kan, kò sì sí ohun pàtàkì níbẹ̀, ó kàn dúpẹ́, ó ní kí wọ́n má ṣe bínú pé ìrẹsì kò kárí. Ìyá yìí ní kí wọ́n dá a padà, wọ́n dá a padà, ó tún ní kí wọ́n dá a padà. Ó ní òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bàbá òun a máa kólòlò díẹ̀ bí ti àkọ́bí òun. Kò sí fọ́tò tí í sọ bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn.

Ìlú tí a wà yìí gan-an kò jẹ́ kí ẹrù pẹ́ níbìkan. Ọdún 1976 ni ìjọba ṣòfin pé Àbújá ni olú-ìlú yóò wà, ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni wọ́n sì kó o kúrò ní Èkó ní tòótọ́. Láti ìgbà náà, kíkó kiri ni iṣẹ́ wa. A kó láti Garki lọ sí Nyanya, owó ilé lé wa láti Nyanya lọ sí Mararaba. Láàárín 2003 sí 2007 tí wọ́n ń wó ilé kiri ní agbègbè yìí, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ẹrù tí ọwọ́ lè gbé nìkan ni wọ́n rí gbé jáde. Ẹ kò ní gbàgbé àwọn tí wọ́n sá wá bá wa láti Kaduna lẹ́yìn rògbòdìyàn 2000, tàbí láti Jos lẹ́yìn ti 2001. Ẹni tí ń sá fún iná kì í dúró wá kásẹ́ẹ̀tì. Àwọn àgbà tí wọ́n ti Ghana dé sì wà tí wọ́n lè jẹ́rìí. Ní oṣù Kọkànlá 1969 tí ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti gba ìwé tàbí kí wọ́n lọ, ẹrù tí wọ́n lè tà ni wọ́n tà, èyí tí wọn kò lè tà ni wọ́n fi sílẹ̀. Ìdílé mìíràn wà títí di òní tí kò ní àwòrán kan ṣoṣo láti fi hàn pé àwọn gbé Kumasi tàbí Tamale rí.

Ẹnì kan yóò sọ pé tòun kò sọnù, ó wà nínú àpótí, òun sì ti ti àpótí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọkàn tán àpótí. Okùn gígùn kan tí ó fẹ́lẹ́ ni ó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì, ìbú rẹ̀ kò ju ìdajì íǹṣì lọ. Ike ni okùn náà, wọ́n sì fi àtè lẹ ẹtù irin tó rí bí ìpáàrà mọ́ ọn lára. Lára ẹtù yìí ni òòfà inú ẹ̀rọ ń kọ àwòrán àti ohùn sí. Àtè yẹn ni ọ̀tá kọ́kọ́ ń bá jà. Nígbà òjò ó ń mu omi inú afẹ́fẹ́, ó ń rọ̀, ó ń lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Nígbà ooru, lábẹ́ páànù tí kò ní àjà, ike ń fà, ó ń súnkì. Nígbà tí ẹ bá wá tì í bọnú ẹ̀rọ lọ́jọ́ kan, ẹtù á máa ṣí kúrò lára okùn, á dí orí ẹ̀rọ, àwòrán á di bí ìgbà tí yanrìn ń rọ̀. Òmíràn ti bu funfun bí búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́rin, ẹ ó rí i bí ẹ bá wo ojú gíláàsì kékeré tó wà lójú kásẹ́ẹ̀tì. Irú èyí, ẹ má ṣe tì í bọ ẹ̀rọ kankan, nítorí yóò ba ẹ̀rọ jẹ́, ẹ̀rọ yóò sì kó èébu náà ran kásẹ́ẹ̀tì tí ó bá tẹ̀ lé e. Ẹni tó sì to tirẹ̀ sórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá, òòfà inú ẹ̀rọ náà lè máa pa ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì rẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Bí kásẹ́ẹ̀tì bá tilẹ̀ yè, ẹ̀rọ wo ni yóò gbé e? Ilé-iṣẹ́ JVC ní Japan ló gbé VHS jáde ní 1976. Funai, ará Japan bákan náà, ni ó ṣe ẹ̀rọ rẹ̀ gbẹ̀yìn, wọ́n sì dá a dúró ní 2016. Láti ọdún náà, kò sí tuntun mọ́ níbi gbogbo láyé, tòkunbọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, òkú ẹ̀rọ mìíràn ni oníṣẹ́ á tú kí ó tó rí ẹ̀yà rẹ̀. Àwa oníṣòwò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọjà tí kò wọlé mọ́, tí èyí tó wà nílẹ̀ ń bàjẹ́ lójoojúmọ́, ẹni tó bá dúró de ọ̀la ni yóò rà á wọ́n jù.

Kì í ṣe àwa nìkan ló rí i bẹ́ẹ̀. Ní 2015, ilé ìpamọ́ fíìmù àti ohùn ti ìjọba Australia kọ ìwé kan tí wọ́n pè ní Deadline 2025, wọ́n ní téèpù tí a kò bá dà kọ kí ọdún náà tó dé, ó ṣeé ṣe kí a má rí i dà kọ mọ́ láéláé. Ní 2019, UNESCO àti IASA, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn olùpamọ́ ohùn àti àwòrán, tún ké gbàjarè kan náà. Ọdún 2025 tí wọ́n ń sọ náà ti dé bá wa. Bí ìjọba tó ní yàrá tútù tí wọ́n kọ́ fún téèpù bá ń bẹ̀rù, kí ni àwa tí a fi tiwa sábẹ́ ibùsùn ń dúró dè?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ṣẹlẹ̀ ní Jos níhìn-ín tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ mọ̀. Láàárín 1960 sí 1980, téèpù wọ́n, nítorí náà ilé-iṣẹ́ BBC ní Lọ́ńdọ́nù ń pa àwọn eré tó wà nínú téèpù wọn rẹ́ kí wọ́n lè tún un lò. Wọ́n rò pé ta ni yóò fẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Lára ohun tí wọ́n pa rẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìpín nínú eré kan tí wọ́n ń pè ní Doctor Who, tí àwọn Òyìnbó fẹ́ràn gidigidi. Nígbà tí ojú wọn là, wọ́n wá a kiri, wọn kò rí i. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ta ẹ̀dà rẹ̀ fún àwọn ilé tẹlifísàn òkè òkun rí. Ní 2013, wọ́n kéde pé a ti rí ìpín mẹ́sàn-án tí ó ti sọnù, ti 1967 sí 1968, nínú yàrá ìkẹ́rù ilé tẹlifísàn kan ní Jos, nínú eruku. Ẹ gbọ́ ohun tí a ń sọ: àwọn tó ni eré pa á rẹ́ nílé, ẹ̀dà tó wà lókèèrè, tí ẹnikẹ́ni kò ka sí, òun ló yè. Jos náà ni fíìmù Shaihu Umar wà, èyí tí Adamu Halilu ṣe ní 1976 láti inú ìwé tí Abubakar Tafawa Balewa kọ. Ọ̀pọ̀ ti rò pé ó ti ṣègbé, kí wọ́n tó rí i nínú ìpamọ́ Nigerian Film Corporation ní 2016. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn ní Berlin, ní ilẹ̀ Jámánì, ní 2018. Ẹni tó bá ní ẹ̀dà kan ṣoṣo níbì kan ṣoṣo, kò tíì ní nǹkan.

Ẹ wá jẹ́ kí á dá àwọn tó lòdì sí àbá náà lóhùn, nítorí kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ wọn ni kò nítumọ̀.

Àwọn kan ní owó ni. A kò gbà. Aṣọ àjọ̀dún méjì ni a rà láàárín ọdún mẹ́ta, àwọn mìíràn kò tíì rán ti àkọ́kọ́. Bí olúkúlùkù wa bá lo aṣọ ti tẹ́lẹ̀ lọ́dún yìí, owó tí yóò kù nílẹ̀ á tó da gbogbo kásẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ kọ, á sì ṣẹ́kù. A mọ̀ pé àwọn ìyá ẹgbẹ́ kò ní fẹ́ gbọ́ èyí. A bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n rántí pé àwọn ni wọ́n pọ̀ jù nínú kásẹ́ẹ̀tì náà.

Àwọn mìíràn ní ó ń tún ọgbẹ́ ṣí, pé kò dára kí opó tàbí ọmọ tún máa rí òkú tó ń rìn. Èyí ní ìwọ̀n òtítọ́. Nínú kásẹ́ẹ̀tì ìsìnkú, wọ́n a máa ya ojú òkú nínú pósí, ẹni tí kò bá múra sílẹ̀ lè ṣubú lulẹ̀. Nítorí náà, dída kọ kì í ṣe wíwò. Kí wọ́n kọ ọ́ sára àwo pé ìsìnkú ni ó wà nínú rẹ̀, kí ìdílé fi pamọ́, kí ẹni tó bá ṣetán wò ó nígbà tó bá ṣetán. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kò fara mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni gbé kásẹ́ẹ̀tì ìdílé sórí WhatsApp ẹgbẹ́ tàbí Facebook láìgba àṣẹ. Àwọn ohun kan wà nínú ilé onílé tí kò yẹ kí ará ìta mọ̀. Ìyàwó kejì tó ti kọ ọkọ wà níbẹ̀. Ẹni tó jẹ́ gbèsè tí ó sì ń lẹ owó mọ́ni lórí wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn ọ̀dọ́ wa ní kí ni à ń dààmú sí, pé kí á ṣáà gbé kásẹ́ẹ̀tì sínú ẹ̀rọ, kí á gbé fóònù síwájú tẹlifísàn kí ó máa yà á. Bí ẹ̀rọ bá ń kú lọ tí kò sí ọ̀nà mìíràn, ó sàn ju kí á má rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ohùn jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò yóò wà níbẹ̀, ẹkún ọmọ yóò wà níbẹ̀, àwòrán yóò sì máa ṣẹ́jú. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí wáyà pupa, funfun àti aláwọ̀ ìyeyè so ẹ̀rọ fídíò mọ́ kọ̀ǹpútà tàbí mọ́ ẹ̀rọ tí ń kọ DVD, kí ohun tó wà nínú téèpù lọ síbẹ̀ tààrà. Kò sì sí ọ̀nà àbùjá: kásẹ́ẹ̀tì wákàtí mẹ́ta, wákàtí mẹ́ta ni yóò gbà. Ẹni tó bá gba ogún kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ yín láàárọ̀ tí ó ní kí ẹ wá gbà á nírọ̀lẹ́, ẹ bi í léèrè dáadáa.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti kan oníṣọ́ọ̀bù, ojú wa ti rí nǹkan. Oníṣọ́ọ̀bù kan, a kò dárúkọ rẹ̀, gba kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, ó sì gé gbogbo ibi tí àwọn àgbà ti ń gbàdúrà kúrò, ó ní kò lárinrin. Ó tún kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gàdàgbà sójú àwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òmíràn a fún wákàtí mẹ́ta pọ̀ sínú àwo kan ṣoṣo, àwòrán á sì di bíi pé èéfín bò ó. VCD kan kò gbà ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ, DVD a sì gba wákàtí méjì dáadáa. Nítorí náà kásẹ́ẹ̀tì tó kún, ó kéré tán DVD méjì ni. Ẹ sọ fún un kí ó má gé ohunkóhun, kí ó má kọ ohunkóhun sí i. Ẹ má sì fún un ní èyí tó ṣọ̀wọ́n jù lọ lákọ̀ọ́kọ́. Èyí tí ìbàjẹ́ rẹ̀ kò ní dùn yín ni kí ẹ fi dán ẹ̀rọ rẹ̀ wò. Lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, ike pẹlẹbẹ kékeré kan wà ní igun rẹ̀. Ẹ ṣẹ́ ẹ kúrò kí ẹ tó gbé e jáde nílé, nígbà náà ẹnikẹ́ni kò ní lè ṣèèṣì kọ nǹkan mìíràn lé e lórí.

Àwọn tí ọmọ wọn wà ní Amẹ́ríkà, ẹ tún gbọ́ èyí. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ibẹ̀ nígbà náà, tó jẹ́ pé bí ẹ bá fi sínú ẹ̀rọ àwòrán á máa yí tàbí kó di dúdú àti funfun, ó ṣeé ṣe kí ó má bàjẹ́ rárá. NTSC ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, PAL ni àwa ń lò. Ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ wá ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ gbọ́ èdè méjèèjì.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé bí a bá ti gba àwo tán, a ti bọ́. Àwo fíìmù tí à ń rà lọ́jà, ilé-iṣẹ́ ló fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ òǹtẹ̀. Àwo òfìfo tí oníṣọ́ọ̀bù ń kọ nǹkan sí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Aró ni ó wà nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ léésà ni ó sì ń jó àmì sínú aró náà. Ẹni tó bá ti sá àdìrẹ sóòrùn rí mọ ohun tí oòrùn ń ṣe sí aró. Àwo tí ẹ fi sórí ojú fèrèsé tàbí nínú mọ́tò lè má ṣí mọ́ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun tí àwọn ọmọ ń rà báyìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ojú tí à ń ti àwo bọ̀ mọ́. Nítorí náà a dábàá pé kí á gba àwo, nítorí àwọn àgbà wa mọ bí a ti ń lò ó, kí á sì tún gba fíìmù náà sórí fíláàṣì tàbí háàdì dírafù lọ́wọ́ oníṣẹ́ náà lọ́jọ́ kan náà. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, kí ọ̀kan wà nílé, ní ìlú baba ẹni, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ọmọ tàbí àbúrò tó ń gbé ibòmíràn. Ẹ rántí Jos. Lọ́dọọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹnì kan ṣí i wò, kí ó dà á sórí tuntun. Kásẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, ẹ má jù ú nù, ẹ wé e sínú ọ̀rá, ẹ gbé e dúró bí ìwé lórí pẹpẹ, níbi tí kò gbóná.

Ohun kan kù tí kò gba owó kankan, òun ni a sì ka sí pàtàkì jù. Nínú gbogbo kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí, kò sí ibi tí a kọ orúkọ sí. Àwọn tó mọ ẹni tí ó jókòó ní apá ọ̀tún, tí ó mọ ìdí tí obìnrin aláwọ̀ pupa yẹn fi ń sunkún ju ọmọ olóògbé lọ, wọ́n ń kú lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàárín ọdún méjì sẹ́yìn, a sin mẹ́rin nínú àwọn tó dá ẹ̀ka yìí sílẹ̀. Kí á pe àwọn tó kù jókòó, kí á tan àwo fún wọn, kí ọmọdé kan tó mọ̀wé mú bírò dání. Ní ìṣẹ́jú kejìlá, ta ni yìí? Ará ibo ni? Ọmọ ta ni? Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ìwé náà sì bá àwo gbé pọ̀. Àwo tí kò ní ìwé orúkọ, lẹ́yìn ogún ọdún, àwùjọ àjèjì tó ń jó ni àwọn ọmọ ọmọ wa yóò rí níbẹ̀.

A bẹ àwọn olóyè ẹgbẹ́ kí wọ́n tún gbé àbá yìí kalẹ̀ ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, kí á dìbò lé e kí á tó dé orí ọ̀rọ̀ aṣọ. Ṣáájú ọjọ́ náà, kí olúkúlùkù ka kásẹ́ẹ̀tì tó wà nílé rẹ̀, kí ó kọ sórí ìwé iye tí wọ́n jẹ́, ayẹyẹ tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọdún rẹ̀ àti ìlú tí a ti yà á. Èyí tó ti bu, kí ó yà á sọ́tọ̀ sínú ọ̀rá tirẹ̀. Ìwé náà nìkan ni kí ẹ mú wá fún akọ̀wé. Ẹ má kó kásẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ wá nínú kẹ̀kẹ́ Nápẹ́pù lásìkò òjò yìí. Ẹni tí ẹ̀rọ fídíò rẹ̀ bá sì ń ṣiṣẹ́ síbẹ̀, kí ó jẹ́ kí akọ̀wé gbọ́ kí ó tó tà á fún àwọn tí ń ra àlòkù kiri àdúgbò.